Lẹ́yìn fíríìdọ̀mù PhD mi

"Ṣé ọ̀gá tó kọ́ ẹ níṣẹ́ ò kọ́ ẹ dáadáa ni?"

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, télọ̀ n'Ìlaró, bi mí láàárọ̀ yìí nìyẹn.

Èmi tí mo sáré gbé ìròyìn ayọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀! Yunifásítì kan ti gbà mí fún pósítídọ́ọ̀kì, iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn PhD. Ọdún méjì gbáko ni n ó fi wádìí ohun tó ń pàṣẹ fún jíìnì àjogúnbá inú ẹ̀gẹ́ pé kó ṣe májèlé tàbí kó sinmi.

Kò gbójú kúrò lára máṣíìnì.

"Ṣebí o ti gba PhD? Ṣebí fíríìdọ̀mù ẹ nìyẹn, tá a jẹ tá a mu?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n."

"O wá tún fẹ́ lọ sin ọ̀gá mìíràn."

Mo ní rárá o, iṣẹ́ ńlá ni. Ó ní kí n ka lẹ́tà wọn. Mo túmọ̀ ẹ̀: "Wàá máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, yóò sì máa kọ́ ẹ síwájú sí i..."

Ẹ̀gbọ́n mi dá máṣíìnì dúró.

Màmá ìbejì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọṣẹ́.

"Dókítà, ẹ jókòó. Ọdún méjì ò jìnnà."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe pósítídọ́ọ̀kì, kí lẹ sọ fún ará ilé yín? Ẹ tètè dáhùn o, mo ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì.