Ẹlùbọ́ Inú Rédíétọ̀

Adìẹ mẹ́ta ló ń yé ẹyin sórí ìjókòó awakọ̀ lọ́jọ́ tí Ràmọ́nì Àríyọ̀ kọ́kọ́ rí ọkọ̀ náà ní Kìṣí. Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ ni, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, koríko sì ti hù gba abẹ́ rẹ̀. Kàdírì tó ni ọkọ̀ ń fi ìgbálẹ̀ lé adìẹ, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má wo ara rẹ̀ o, bàbá. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń mí."

Ràmọ́nì kò wo ara rẹ̀. Ọdún méjìdínlógún ló fi ń gbin iṣu ní Àgọ́-Àmọ̀dú, tó fi ń dúró létí títì lọ́dọọdún, tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń wò ó kọjá, tí oòrùn ń pa iṣu rẹ̀. Ó ta ọ̀kadà rẹ̀, owó kò pé. Ló bá ṣe ohun tí àgbẹ̀ kì í ṣe: ó ta èbù, gbogbo iṣu tí ì bá gbìn lọ́dún náà. Ó rò pé bí òun bá fi ọkọ̀ náà ru ẹrù lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, òun á ti ra èbù mìíràn kí ìgbà ọ̀gbìn tó kọjá. Nígbà tí Misturat, ìyàwó rẹ̀, bèèrè, ó ní èbù wà ní oko Bàbá Jẹ́ẹ́dé, ẹ̀gbọ́n òun.

Festus, mẹkáníìkì kan ní Ṣakí, fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tún ọkọ̀ náà ṣe. Ó fi iná jó ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ti dípẹtà pọ̀, ó tún bíréèkì rẹ̀ ṣe, ó wá táyà tókúnbọ̀ mẹ́rin sí i. Rédíétọ̀, níbi tí omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù ń wà, nìkan ni kò fọwọ́ kàn.

"Ó ṣì ń jò díẹ̀, bàbá. Bó bá dà yín láàmú lọ́nà, ẹ bu ìkúnwọ́ gàrí kan sí i. Á dí ihò náà títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ mi."

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó àpò ẹlùbọ́ mẹ́fà tí í ṣe ti Misturat sẹ́yìn ọkọ̀, ó di ọjà Ṣakí. Misturat wé gèlè bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó. Wọn ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí èéfín fi bo iwájú ọkọ̀. Nígbà tó tutù díẹ̀, Ràmọ́nì ṣí i wò. Omi ń kán tó, tó, tó.

"Gàrí dà?" ló bèèrè.

"Bàbá Samsudeen, níbo ni kí n ti rí gàrí? Ṣé a máa ń mu gàrí nílé wa ni?"

Ràmọ́nì ronú. "Ẹ̀gẹ́ ṣáà ni gàrí. Iṣu ni ẹlùbọ́. Èwo ni ẹ̀gbọ́n nínú wọn?"

"Kí lẹ ń bèèrè? Iṣu mà ni!" Misturat fúnra rẹ̀ ló tú ẹnu àpò. "Ìkúnwọ́ kan kéré fún ọkọ̀ tó tóbi báyìí." Ó bu igbá kan kún, ó dà á sínú rédíétọ̀.

Omi kò kán mọ́. Àwọn méjèèjì pariwo ayọ̀, wọ́n wọkọ̀. Wọn ò rìn jìnnà tí nǹkan fi dún gbàgà nínú ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ sì dákú.

Wọ́n tẹ Festus láago, ó sì gun ọ̀kadà wá bá wọn. Ó fi àkísà ṣí ọmọrí rédíétọ̀, ó ti igi bọ̀ ọ́. Ohun dúdú kan tẹ̀ lé igi náà jáde, ó ń fà. Festus gbóòórùn rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là, kò lè pa á dé.

"Bàbá, kí lẹ dà síbí?"

"Ẹlùbọ́."

Festus jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Yéè! Àmàlà lẹ rò sínú ọkọ̀! Ọbẹ̀ ló kù!"

Misturat bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó rí ojú ọkọ rẹ̀, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

"Ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, ó ti bàjẹ́ pátápátá," ni Festus wí. "Òmíràn lẹ máa rà."

 Ọ̀rọ̀ jábọ́ lẹ́nu Ràmọ́nì kó tó mọ̀: "Èbù mi o!"

"Èbù wo?" Misturat yíjú sí i. "Ṣebí ó wà lóko Bàbá Jẹ́ẹ́dé?"

"Mo ti tà á."

"Ẹ ta kí ni?"

"Gbogbo rẹ̀."

Misturat gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. Festus ń wo títì bí ẹni pé kò gbọ́. Ràmọ́nì ń retí èébú, ṣùgbọ́n kò sí èébú kankan. Obìnrin náà gun ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ, ó fọwọ́ kan àwọn àpò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Festus, bá mi pe ọlọ́kọ̀ kan."

"Èyí tó máa fa ọkọ̀ yìí, ìyá?"

"Tó máa gbé ẹlùbọ́ mi dé ọjà. Èbù ni mo fẹ́ fi owó rẹ̀ rà. Bí a bá gbin ọkọ̀ yẹn, kò lè hù."

Ẹnu ya Ràmọ́nì. Gbogbo òwò Misturat ló wà nínú àpò mẹ́fà náà, kò sì sí òmíràn nílé.  Nígbà tí ọkọ̀ mìíràn dé, òun ló ru àpò kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀. Misturat jókòó sí iwájú, ó ti ilẹ̀kùn. Ràmọ́nì gun ẹ̀yìn, ó jókòó sáàárín àwọn àpò, ó sì dì wọ́n mú.