Ọ̀nà Tí Wọn Kò Fi Han Wúrà

Inú ń bí mi, ẹ má sì bẹ̀ mí. Wúrà tó ń ràn mí lọ́wọ́ ní kíláàsì àwọn ọmọ kékeré ní ilé-ìwé wa ní Oda ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọmọ Oǹdó ni, ó sì mọ ọmọ í kọ́. Ọmọ tó bá sunkún wọlé ní Mọ́ńdè, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀dọ̀ Wúrà ni yóò máa sá lọ. Síbẹ̀, àǹtí olùrànlọ́wọ́ ló ṣì ń jẹ́. Ọ̀gá wa ti sọ fún un pé ọjọ́ tó bá mú ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ dé ni yóò gba kíláàsì tirẹ̀. Ìyẹn ló ṣe forúkọ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Àkúrẹ́, ní ẹ̀ka àwọn tó ń fi ọlidé kàwé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀. Lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀, kò sí olùkọ́ tó máa jókòó ti ọmọ tuntun. Wọn á lẹ orúkọ kọ́ọ̀sì rẹpẹtẹ mọ́ ara ògiri, wọn á ní kí kálukú lọ mú tirẹ̀. Nítorí náà, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló máa ń dúró sí géètì. Ọmọ Oǹdó á wá ọmọ Oǹdó, ọmọ Ìgbàrà-Òkè á wá tirẹ̀, wọn á fà á lé ẹ̀gbọ́n kan lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n yẹn ni yóò yan kọ́ọ̀sì fún un. Lawrence ni wọ́n fa Wúrà lé lọ́wọ́. Èèyàn dáadáa ni Lawrence, mi ò bá a jà. Ó yan ti àwọn olùkọ́ tí kì í fi ayé ni ọmọ lára, ó yẹra fún ti èyí tí ojú rẹ̀ le koko bí ojú ẹja. Ṣùgbọ́n bí afọ́jú bá ń fọ̀nà han afọ́jú, kí lẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀?

Bí ọlidé bá ti dé, àwa a sùn, òun á máa wọ ọkọ̀ lọ kàwé ní ìgboro Àkúrẹ́. Ìyá rẹ̀ ló ń bá a tọ́ Ìtùnú ọmọ rẹ̀ ní Oǹdó, ọmọ náà sì ti ń pe ìyá àgbà ní màmá. Wúrà yege nínú gbogbo ohun tó ṣe. Lọ́dún tó yẹ kó jáde ni wọ́n wá sọ fún un pé kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀ kan wà nínú èyí tí Lawrence yẹra fún, àti pé ẹni tí kò bá ṣe é kò lè lọ fi ìkọ́ni dánra wò, débi tí yóò gba ìwé-ẹ̀rí. Ta ló yẹ kó ti sọ ọ́ tipẹ́? Lọ́dọọdún ni wọ́n ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń ṣìnà, wọ́n sì dákẹ́.

Ó gbà, ó ní òun yóò ṣe é ní ọlidé tó ń bọ̀. Kí ọlidé náà tó dé, wọ́n pe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sí gbọ̀ngàn. Dókítà Ọmọ́níyì, ọ̀gá tuntun níbẹ̀, ní àwọn ti la ọ̀nà tuntun. Wọ́n ti to kọ́ọ̀sì tẹ̀léra láti ọdún àkọ́kọ́ títí dé ìparí, kò sí pé à ń mú èyí tó wuni mọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yóò sì ní olùkọ́ tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wúrà náà pàtẹ́wọ́. Ohun tó dára ni, èmi náà mọ̀.

Wúrà wá dìde, ó bèèrè kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀ tòun. Ọ̀gá ní wọ́n ti fagi lé e, ohun tí àwọn fi rọ́pò rẹ̀ sì ti wọnú gbogbo iṣẹ́ ọdún àkọ́kọ́, nítorí náà kí ẹni tí kò bá tíì ṣe é lọ bá àwọn ọmọ tuntun bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má bínú, ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Wúrà ò jókòó. "Ẹ̀yin lẹ ni ọjà náà, sà," ó ní. "Ẹ ń wò wá láti ọjọ́ yìí tí à ń rìn kiri nínú igbó, ẹ ò pè wá pé ibí kọ́. Ìgbà tẹ́ ẹ wá la ọ̀nà, ẹ ní ká padà sílé ká tún gbéra."

Ọ̀gá ní kí ẹlòmíràn bèèrè ìbéèrè.

Mo sọ fún Wúrà pé kó fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ pé, mo bá a lọ, torí mo fẹ́ bá ẹnì kan jà. Bí a ṣe wọ géètì, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Peculiar gbọ́ èdè Oǹdó lẹ́nu Wúrà, ó kúnlẹ̀, ó ní kí ẹ̀gbọ́n bá òun yan kọ́ọ̀sì. Wúrà ní a kì í yàn án mọ́. Ó mú un lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ tí wọ́n ní kó máa tọ́ wọn sọ́nà. Fóònù ni ọkùnrin náà ń tẹ̀. Wúrà dúró ti tábìlì títí olùkọ́ náà fi gbé e sílẹ̀, tó sì la gbogbo kọ́ọ̀sì yé Peculiar, ọdún dé ọdún. Kò pẹ́ rárá. Ohun tí kò pẹ́ yìí ni wọn ò ṣe fún Wúrà.

Peculiar dúpẹ́ dúpẹ́. Ó ní ọdún wo ni ẹ̀gbọ́n yóò jáde, kí òun lè wá bá a yọ̀.

Wúrà fa àga, ó jókòó tì í. "Ọdún tí ìwọ bá jáde ni," ó ní. Ó wá kọjú sí olùkọ́ náà. "Ó kàn mí, sà."