Orúkọ Bàbá Mi ní Pápá Ọkọ̀ Òfurufú Ìbàdàn

Wọ́n ṣì ń sọ ọ́ o. Àná yìí, lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, wọ́n ṣì ń sọ ọ́ pé èmi Ràímì ni mo pe bàbá tó bí mi lórúkọ níta gbangba, bí ẹni ń pe ọmọ iṣẹ́. Nínú gbogbo àwọn tó ń sọ ọ́, kò sẹ́ni tó bá wa dé Ìbàdàn. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n ro ìrìn náà bó ṣe rí.

Bàbá mi ń lọ sí Mẹ́kà ni. Mi ò tíì hu irungbọ̀n tó ti ń tọ́jú owó ìrìn yìí. Ìdájí la kúrò n'Ìwó, kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Gbogbo agboolé sìn wá dé gáréèjì, wọ́n ṣàdúà, wọ́n pa dà. Ó wá ku Bàbá, Ìyá mi, àtèmi. Ṣílè méjì lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ká jókòó sẹ́yìn lórí pákó.

Dẹ̀rẹ́bà wa ń jẹ́ Jímọ́, ó máa ń dápàárá. Ó ní, "Alùfáà, tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ bá mi sọ fún Ọlọ́run pé táyà mi ti jẹ tán."

Bàbá ní, "Ọ̀rọ̀ táyà rẹ kọ́ ni mo ń bá lọ sí Mẹ́kà."

Eruku pupa la jẹ láti Ìwó. A kọjá odò Ọ̀bà, ilẹ̀ mọ́ bá wa ní Lálùpọn. Ọkọ̀ dúró níbẹ̀, a jẹ ẹ̀kọ pẹ̀lú àkàrà gbígbóná. Ìgbà tá a fẹ́ lọ, a ò rí obìnrin kan. Àwọn èrò ní kí Jímọ́ máa wakọ̀ lọ. Jímọ́ kọ̀.

"Agbọ̀n ata ẹ̀ ṣáà wà lókè ọkọ̀ mi. Ṣé kí n gbé ẹrù ẹlẹ́rù lọ, kí n wá di olè?"

Bàbá mi ní, "O káre. Ọkọ̀ tó bá ti gba ẹrù èèyàn, ó ti gba olówó ẹrù nìyẹn."

A dúró títí obìnrin náà fi dé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ Bàbá yẹn sọ́kàn. Òun ló kó bá wa.

Pápá ọkọ̀ òfurufú Ìbàdàn tí Bàbá ti fẹ́ wọkọ̀, mo rò pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni màá bá. Ilé gbọọrọ kan báyìí ni, ilẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n fi páànù bò ó. Sìmẹ́ǹtì inú ẹ̀ ń dán débi pé Ìyá mi bọ́ bàtà kó tó wọlé. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé kan, ẹnu ọ̀nà kan, tó o bá wọlé wàá bá onílé, á kí ọ káàbọ̀. Níbí, ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ló wà, kò sí onílé, èdè òyìnbó ni wọ́n kọ sára gbogbo pátákó. Èmi tí mi ò lọ síléèwé, tó jẹ́ pé inú bébà tí wọ́n fi ń di gúgúrú ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, èmi ni mo ń túmọ̀ fún wọn. Ẹnu ọ̀nà kan wà fáwọn tó ń bọ̀, ọ̀kan wà fáwọn tó ń lọ. Ìkẹta, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbabẹ̀. Ibẹ̀ gan-an sì ni gbogbo èèyàn ń gbà.

Akọ̀wé kan tó wọ ṣòkòtò péńpé funfun ní kí Bàbá gorí òṣùwọ̀n. Wọ́n máa ń wọn èèyàn kó tó wọkọ̀, kí ọkọ̀ má baà wúwo jù.

Bàbá ní, "Ṣé kòkó ni mí ni? Ta ló fẹ́ rà mí?"

Akọ̀wé yẹn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọn Bàbá, wọ́n wọn ẹrù ẹ̀, wọ́n fi ọmọlanke ti ẹrù náà lọ. Bàbá wò ó títí ó fi wọ ikùn ọkọ̀, ọkàn ẹ̀ wá balẹ̀. Akọ̀wé ní ká jókòó, táwọn bá pè ká dìde.

Inú ilé yẹn kún fọ́fọ́. Ará Ìbàdàn, ará Ọ̀yọ́, ará Ìṣẹ́yìn, gbogbo wọn ló wá sin èèyàn wọn. Àwọn obìnrin ń kọ wákà. Ife tíì kan, tọ́rọ́! N'Ìwó, ẹ̀kọ tọ́rọ́, èèyàn méjì á yó. Mi ò rà á. Mo jáde lọ wo ọkọ̀. Irin funfun ni, páńkà ńlá méjì wà lápá ẹ̀. Kò jọ ẹyẹ bí wọ́n ṣe máa ń sọ. Ẹja ló jọ lójú tèmi.

Ìgbà tí mo pa dà, àyè Bàbá ti ṣófo.

"Ìyá mi, Bàbá dà?"

"Ó ní òun fẹ́ ṣe àlùwàlá, kóun kí rákà méjì kóun tó gòkè. Mo ní kó má pẹ́. Ó ní, 'Ṣé ẹrù mi ò sí nínú ọkọ̀ ni?'"

Bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni páńkà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àwọn tó ń lọ ti tò, wọ́n ti ń gòkè. Akọ̀wé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ó ku ẹnì kan.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bàbá mi ni. Ẹ dúró díẹ̀."

"Ọkọ̀ yìí kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

"Ẹrù ẹ̀ ti wà nínú ẹ̀!"

"A ó dá a pa dà láti Kánò. Ọkọ̀ ìkẹyìn lọ́dún yìí rèé. Tó bá dẹ̀mí-ìn, kó tètè dé."

Mo sáré dé ẹ̀yìnkùlé, mo sáré dé iwájú. Mi ò rí i. Mo pa dà wọlé, mo figbe ta: "Bàbá o! Bàbá!" Gbogbo arúgbó tó wé láwàní níbẹ̀ ló yíjú sí mi. Ọ̀kan tiẹ̀ ní, "Èmi rèé, ọmọ mi. Kí ló dé?" Mo pariwo "Alùfáà!" Àwọn tó yíjú tún wá pọ̀ sí i. Mo bẹ Ìyá mi kó pè é. Ìyàwó kì í dárúkọ ọkọ, ẹ̀yin náà mọ̀. Ó pariwo "Bàbá Ràímì o!" Ará Ìṣẹ́yìn kan dáhùn. Òun náà bí Ràímì.

Akọ̀wé ti di ilẹ̀kùn mú, ó fẹ́ tì í.

Mo gorí bẹ́ǹṣì. "Sùnmọ́nù! Sùnmọ́nù Àlàbí, ará Ìwó!"

Wákà dákẹ́. Ìyá mi fa gèlè bojú.

Láti ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbà yẹn ni mo ti gbọ́ ohùn: "Ẹ̀ẹ́n! Mo ń bọ̀ o, bàbá mi!" Bàbá sáré wọlé, omi ń kán lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ó gbé bàtà dání. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ẹni tó ń pe bàbá mi ní Sùnmọ́nù láyé yìí, ẹni tó jù ú lọ ni, wọn ò sì tó nǹkan mọ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti fọwọ́ kan kanlẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀, kó tó gbójú sókè, kó rí mi lórí bẹ́ǹṣì.

"Ta ló pè mí?"

"Èmi ni, Bàbá. Ọkọ̀ ń lọ."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé tí kì í rẹ́rìn-ín, òun náà rín. Bàbá ò rín ní tiẹ̀. Ó wò mí, ó sáré gba iwájú akọ̀wé kọjá. Ó dé ibi àkàsọ̀, ó yíjú pa dà.

"Ràímì, a ó jọ rí i nílé."

Ọkọ̀ gbéra. Ẹrù ẹ̀ wà nínú ẹ̀, òun náà wà nínú ẹ̀.

Ọkọ̀ Jímọ́ la tún wọ̀ pa dà. A dé Lálùpọn. Ibẹ̀ ni Ìyá mi ti ní, "O ò bá fi ẹsẹ̀ wá a."

Mo ní, "Mo fi ẹsẹ̀ wá a. Ẹnu ló rí i."

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ọkọ̀ òfurufú ò dà bí ọkọ̀ Jímọ́. Ó lè gba ẹrù rẹ kó má gbà ọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún mọ́gàjí wa nígbà tó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní ọkọ̀ mìíràn ń bẹ lọ́dún tó ń bọ̀, àmọ́ ẹnu tó bá ti pe bàbá lórúkọ ò ṣeé fọ̀. Wọ́n ní tí Bàbá bá ti dé, àwọn á tẹ́ ẹní, àwọn á gbọ́ ẹjọ́ mi.

Kí wọ́n tẹ́ ẹ. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bi. Wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn, páńkà ti ń yí, bàbá yín tó ti ń tọ́jú owó láti kékeré yín wà lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń fọ ẹsẹ̀, orúkọ ẹ̀ sì wà lẹ́nu yín. Ṣé ẹ̀yin ì bá dákẹ́?