Ọdún Tí Màmá Kọ́ Ọkọ̀ Wíwà

Òórùn kan wà tó jẹ́ pé bí mo bá gbọ́ ọ títí dòní, inú á kọ́kọ́ bí mi díẹ̀ kí n tó rẹ́rìn-ín. Òórùn bẹntiróòlù ni, tó pòpọ̀ mọ́ ti awọ ìjókòó tí oòrùn ti sun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bẹ́ẹ̀ ni inú ọkọ̀ ìjàpá bàbá mi ṣe máa ń rùn, lábẹ́ páànù tí wọ́n ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bàbá mi, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, ti kú ní nǹkan bí ọdún kan ṣáájú ìgbà tí mò ń sọ yìí. Láti ìgbà tí a ti sin ín ni a ti fi tapólì bo ọkọ̀ náà, èmi nìkan ni mo sì ń ṣí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbóná.

Kí n má purọ́ fún ọ, mò ń retí pé ọkọ̀ yẹn yóò di tèmi. Àárín àwọn ọdún 1980 ni, nǹkan ti le, táyà lásán ti wọ́n bí ojú. Odògbolú ni mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, àràárọ̀ ni mo sì ń dúró sínú eruku ẹ̀bá títì, tí mò ń na ọwọ́ sí ọkọ̀ tó ti kún. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Èkó ti kọ lẹ́tà pé kí Màmá wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, kó máa bá òun tọ́jú àwọn ọmọ. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀: bí Màmá bá lọ sí Èkó, ta ni yóò jogún ọkọ̀ bí kò ṣe èmi?

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni Màmá. Ó ti fẹ̀yìn tì ní ọmọ ọgọ́ta ọdún, ó sì ti di ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta lọ́dún náà. Gbogbo ẹni tó bá wá kí i lẹ́yìn ìsìnkú ló ń sọ ohun kan náà: "Màmá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ máa sinmi." Yóò ní, "Ẹ ṣeun o," yóò sì máa wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí itan. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ yẹn ń ta á lára.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó gbé ìkọ́kọrẹ́ ka iwájú mi. Ibi tí mo ti ń yọ egungun ẹja lẹ́nu ló ti sọ̀rọ̀.

"Láti Sátidé tó ń bọ̀, wàá máa kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ibo lẹ fẹ́ wà á lọ?"

Ó ṣàlàyé fún mi. Ilé ìwòsàn kékeré kan wà ní abúlé kan lẹ́yìn Ìbẹ̀fun. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ti lọ láti ìgbà òjò tó kọjá, wọn kò sì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Òun fẹ́ máa lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ọjà nìkan ni ọkọ̀ èrò ń dé ọ̀hún.

"Aboyún kì í sì dúró de ọjọ́ ọjà," ni ó wí.

Báyìí ni a bẹ̀rẹ̀, lórí pápá ilé ìwé kan nítòsí ilé wa. Mi ò ní sùúrù rárá. Yóò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì bí ẹni pé iná jó o, ọkọ̀ yóò fò sókè bí ọ̀pọ̀lọ́, yóò sì kú. "Kílọ́ọ̀ṣì, Màmá! Kílọ́ọ̀ṣì!" Ohùn mi á há kí oòrùn tó gòkè. Nígbà tí a bọ́ sí títì ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kò sí ẹni tí Màmá kò ní kí. Bó bá ti rí ẹni tó mọ̀, yóò gbé ọwọ́ kúrò lórí síárìn, yóò tẹ orí ba: "Ẹ kú àárọ̀ o! Ṣé ara ti le?" Ọkọ̀ á sì kọrí sí gọ́tà.

"Ẹ má kí ẹnikẹ́ni mọ́, Màmá!"

"Ìyá àgbà yẹn ni kí n kọjá lára rẹ̀ bí ewúrẹ́?"

Mo sọ̀rọ̀ sí i lọ́nà tí n kò lè gbà sọ̀rọ̀ sí ọmọ ilé ìwé mi tó ya ọ̀lẹ jù lọ. Nígbà mìíràn mo máa ń dúpẹ́ pé bàbá mi kò sí níbẹ̀ láti gbọ́ mi.

Lọ́jọ́ tó lọ ṣe ìdánwò, ọ̀gá tó ń yẹ awakọ̀ wò ní kó gun òkè kan, kó dúró láàárín, kó sì tún gbéra. Ọkọ̀ ń yí lọ sẹ́yìn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú koto. Ọkùnrin náà wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ yín," ni ó wí. "Ẹ lọ máa gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n."

Inú bí mi sí i. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi lọ́hùn-ún, nǹkan kan yọ̀. Nígbà tí a dé ilé, ẹnu mi kò dákẹ́: "Òótọ́ ló sọ. Ẹ ti dàgbà jù fún un. Ẹ jẹ́ kí èmi máa wà á lọ síbi iṣẹ́, kí ẹ̀yin sinmi."

Ó rọra gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀. "Ìsinmi mi lò ń wá ni, àbí ọkọ̀?"

Kò bá mi jà, kò sì tún ní kí n kọ́ òun mọ́. Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, ìró ọkọ̀ ló jí mi. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí Màmá nídìí síárìn, Àlàájì aládùúgbò wa sì jókòó tì í. Bàbá yìí ti wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí òkè Ọya fún ìgbà pípẹ́ kó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Tó bá ti kírun àárọ̀ tán, ilé wa ló ń gbà wá tààrà. Kò pariwo rí. Ọkọ̀ á máa ta pọ́ún-pọ́ún, òun á máa fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo gbọ́ ọ níjọ́ kan tó ń sọ fún un pé, "Ẹ di síárìn mú, Màmá Nọ́ọ̀sì. Fèrè ni kí ẹ máa fi kí wọn. Wọ́n á mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

Wo ohun tí mo fi odidi oṣù kan pariwo lé lórí! Ó dùn mí pé kì í ṣe èmi ni mo ronú kàn án. Màmá tún kùnà ìdánwò náà lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó mú ìwé ìwakọ̀ délé, ó gbé e sórí rédíò kí n lè rí i, ó sì wọ ilé ìdáná lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ bọ́ sí ìgbà tí ilé ìwé wà ní ìsinmi. Ó ní bí mo bá fẹ́, kí n máa bọ̀. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Kété tí a kọjá Ìbẹ̀fun tí ọ̀dà tán, táyà rì sínú ẹrẹ̀ pupa. "Mo ti sọ fún yín," ni mo wí, "ẹ jẹ́ ká padà." Màmá ti bọ́ bàtà, ó ti ká ìró sókè, ó ń pe àwọn ọkùnrin tó ń lọ sóko. Àwa márùn-ún ni a tì í. Bí ọkọ̀ ti jáde, mo yọ̀, mo ṣubú, ẹsẹ̀ òsì mi sì rọ́. Mo ń ráhùn títí a fi dé ọ̀hún. Kí ni a bá níbẹ̀? Ilẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ ti já, ìgbẹ́ ewúrẹ́ nínú yàrá, àti obìnrin méjì lórí bẹ́ǹṣì. Méjì péré! Omijé ìbínú fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Màmá kí wọn bí ẹni tó bá igba ènìyàn, ó ní kí wọ́n fún òun ní ìgbálẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, aboyún tó ti sún mọ́ ìbí, ní orí ti ń fọ́ òun fún ọjọ́ mẹ́ta, ojú òun sì ń ṣe bàìbàì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bámú. Màmá fi ẹ̀rọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó wò ó, ó tún wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ojú Màmá yí padà.

"Ẹ gbé e wọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ìjẹ̀bú-Òde là ń lọ báyìí."

Mo na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́, àṣà tó ti mọ́ mi lára, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì ti wú, n kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ká ní èmi nìkan ni mo mọ ọkọ̀ wà nínú ilé wa, ibẹ̀ ni obìnrin yẹn ìbá wà. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí wọ́n sáré lọ pè wá nínú abúlé, dì í mú lẹ́yìn, mo jókòó síwájú, Màmá sì wa ọkọ̀. Ó gba inú ẹrẹ̀ kan náà kọjá láìdúró. Nígbà tí a dé Ìbẹ̀fun, àwọn ènìyàn ń juwọ́ sí wa, kò wo ẹnikẹ́ni, èmi ni mo ń bá a juwọ́ padà.

Wọ́n gbẹ̀bí obìnrin náà ní ọ̀sán ọjọ́ náà ní ilé ìwòsàn, tìyá tọmọ sì yè. Mo rò pé Màmá yóò sunkún tàbí kó kọrin. Ó kàn fọ ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó tì mí níbi tí wọ́n ti ń di ẹsẹ̀ mi.

"Ọjọ́ Ẹtì, a ó tètè jáde," ni ó wí. "Mi ò ráyè yẹ obìnrin kejì yẹn wò."

Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wa ọ̀nà yẹn. Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dùn. Ọjọ́ mìíràn ń bẹ tí kò ní í bá ẹyọ ènìyàn kan, ọkọ̀ á tún bàjẹ́ lójú ọ̀nà, inú mi á sì máa ru nítorí rẹ̀. Òun á dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára, yóò béèrè oúnjẹ, yóò sì máa sọ ìtàn àwọn ọmọ tó wà lọ́hùn-ún bí ẹni pé òun ló bí wọn.

Mo ti ju ọjọ́ orí Màmá nígbà náà lọ báyìí. Èmi náà ti fẹ̀yìn tì, mo sì ti wá mọ ohun tí n kò mọ̀ nígbà yẹn. Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé àga ni ọjọ́ ogbó, tí àwọn ọmọ ń gbé ka ilẹ̀ fún òbí wọn pé kó jókòó, kó máa gba ìkíni. Lójú Màmá, ìgbà yẹn ni àkókò ṣẹ̀ṣẹ̀ di tirẹ̀: kò sí ọ̀gá tó ń pè é, kò sí oúnjẹ ọkọ, kò sí owó ilé ìwé ọmọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì yan ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ìbínú tí mò ń bínú nígbà náà kò tíì tán, ara mi ni mò ń bínú sí báyìí. Nígbà tí ìyá mi ń bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun, èmi tí mo jókòó tì í nínú ọkọ̀, iye ọdún tó kù fún un ni mò ń kà.