Mo Rò Pé Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ni

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà òjò tó kọjá. Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì ti pa á rẹ́. Tòní yìí, mi ò ní pa á rẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo ní ilé kéwú orí íńtánẹ́ẹ̀tì, àdúgbò Basin ní Ìlọrin níbí ni ọ́fíìsì mi wà. Àwọn ọmọ Ìlọrin tó wà lókè òkun ló ń fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ wa, kí àwọn Alfa wa máa kọ́ wọn ní Kùránì lórí fídíò. Alfa tí mo kọ́kọ́ gbà síṣẹ́ ni Alfa Jímọ̀ ní àdúgbò Gàmbàrí, tí wọ́n kọ́ èmi fúnra mi ní kéwú nígbà tí mo wà ní kékeré. Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ohùn wọn! Bí wọ́n bá ń ka Kùránì, ẹni tó ń kọjá lọ ní títì á dúró.

Nígbà tí àwọn ọmọ pọ̀ sí i, mo ní ká yan áàpù kan ṣoṣo tí gbogbo wa á máa lò. Mẹ́ta la dán wò. Àkọ́kọ́ le jù fún àwọn Alfa, ohun títẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀ jù. Ìkejì dára, àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, àmọ́ ó ń mu dátà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣínu ààwẹ̀ ṣe ń mu omi. Ìkẹta ò jẹ dátà rárá. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti rẹlẹ̀, á fi àwòrán tó rí kẹ́yìn sílẹ̀ lójú ẹ̀rọ, ohùn nìkan ni á máa wọlé.

Alfa Jímọ̀ ò fẹ́ ìkẹta yìí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ máa rí ẹnu àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀, pé èyí ń sọ ojú èèyàn di fọ́tò. Wọ́n ní, “Rùkáyà, wàlláhì, ẹ̀rù àwòrán tí ò mira yìí ń bà mí.”

Ẹ wá wo èmi! Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní Alfa, ohùn lẹ nílò, ẹ ò nílò ojú. Ṣé ẹ rí i, mo ti yan ìkẹta kí n tó bi wọ́n léèrè. Ọ̀gá ni mí, àbí?

Kò pẹ́ tó fi mọ́ wa lára. Bí ojú ẹnì kan bá dúró gbagidi, a ó kàn ní “ó tún ti há,” a ó sì dúró kó padà.

Ọ̀sán Sátidé kan, lẹ́yìn ìrun Aláàsárì, Nafisat ló ń kàwé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, Kánádà ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Alfa wà ní pálọ̀ wọn ní Gàmbàrí, wọ́n dá wà, ìyàwó wọn ti lọ sí ọjà Ìpátá. Èmi wà ní ọ́fíìsì, mo ṣí kíláàsì náà sójú kọ̀ǹpútà kí n lè mọ bó ṣe ń lọ.

Ohun kan wà tí ẹni tí ò bá kéwú lọ́dọ̀ Alfa Jímọ̀ ò lè mọ̀. Bí o bá ṣi áyà (ẹsẹ Kùránì) kan kà, wọn kì í bá ọ wí, wọn kì í sì í sọ ibi tí àṣìṣe wà. Wọ́n á kàn dákẹ́ ni. Ìwọ lo máa padà síbi tí áyà yẹn ti bẹ̀rẹ̀, tí wàá máa tún un kà títí wọ́n á fi sọ pé “ó tó.” Kí wọ́n tó sọ ọ́, o ò gbọdọ̀ dìde, o ò sì gbọdọ̀ wò wọ́n lójú. Ojú ìwé ni ojú rẹ gbọ́dọ̀ wà.

Nafisat ka áyà kan tán. Alfa dákẹ́. Ọmọ náà tún un kà. Alfa dákẹ́. Ó tún un kà, díẹ̀díẹ̀ báyìí, ó ń fa ibi tó yẹ kó fà. Alfa ò fọhùn.

Mo gbójú sókè. Mo rí Alfa níbẹ̀, orí wọn tẹ̀ sápá kan, ẹnu wọn là díẹ̀. Mo ní ó tún ti há! Mo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí ìyá Nafisat pé kó má bínú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, kí ọmọ jáde kó tún wọlé. Ó ní ọmọ kọ̀, ó ní Alfa ò tíì sọ pé ó tó. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín! Mo ní ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ nìyí. Mo dìde lọ po tíì.

Nígbà tí mo padà dé, ohùn ọmọ yẹn ṣì ń lọ. Áyà kan náà. Ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ó ti fẹ́ sunkún. Bí mo ṣe ní kí n pa kíláàsì náà fúnra mi ni mo rí ìyàwó Alfa tí wọ́n wọlé lẹ́yìn ọkọ wọn, báàgì ọjà lọ́wọ́, wọ́n ń kí Alfa ní àsàlámù àlékún.

Ẹ dúró ná. Bí àwòrán bá há, báwo lèèyàn ṣe ń rìn wọ inú rẹ̀?

Ife tíì bọ́ lọ́wọ́ mi. Kò sóhun tó há. Láti ìgbà tí Nafisat ti ń tún áyà yẹn kà, Alfa wà lórí àga níwájú wa, rọpárọsẹ̀ ti kọ lù wọ́n, a sì jọ ń wò wọ́n.

Dókítà bi wá pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní ká ní wọ́n tètè dé ọsibítù ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Alfa wà láàyè, àlùhámúdùlílàhì, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ mọ́, ohùn yẹn ò sì padà. Wọ́n kàn máa ń wò wá ni.

Áàpù náà máa ń gba gbogbo kíláàsì sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo wo tọjọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo ara wọn ló dúró, àfi ẹyinjú wọn. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń wá wa. Títí di òní, bí mo bá dá wà ní ọ́fíìsì, mo máa ń gbọ́ ohùn ọmọdé tó ń ka áyà yẹn. N ó yára wo kọ̀ǹpútà, pípa ló wà. Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má purọ́ fún yín.

Oṣù tó kọjá ni ìyá Nafisat pè mí. Ó ní ọmọ òun ò ka áyà yẹn mọ́, pé ó ń bèèrè ohun tóun ṣì kà tí Alfa fi dákẹ́ fún un. Mo ní kó gbé fóònù fún un. Mo sọ fún un pé kò ṣi nǹkan kan kà, ìgbà àkọ́kọ́ tó kà á ló ti gbà á, àìsàn ni kò jẹ́ kí Alfa lè fọhùn.

Ó wá ní, “Àǹtí Rùkáyà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà, ṣebí ẹ̀ ń wò wọ́n. Kí ló dé tẹ́ ò pè wọ́n?”

Mo sunkún sétí ọmọ ọdún mẹ́wàá.

A ti pààrọ̀ áàpù. Ìkejì là ń lò báyìí, èyí tó ń fi ẹnu àwọn ọmọ hàn, kó máa mu dátà rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ máa ń bi mí pé èwo ló dára fún iṣẹ́ yín, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó máa jókòó níwájú rẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ohun tó bá sọ. Bí ojú ẹnì kan bá sì dúró, ẹ pè é lórí fóònù. Bí ò bá gbé e, ẹ pe aládùúgbò rẹ̀. Tó bá wá jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni lóòótọ́, kí lẹ pàdánù?

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí, tí ẹ rò pé ẹ̀rọ ni, tó sì jẹ́ èèyàn ni? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mò ń ka gbogbo rẹ̀. Ẹ sì bá wa ṣe àdúà fún Alfa Jímọ̀. Mo máa ń lọ kí wọn. N kì í mú fóònù dání. Mo máa ń jókòó síwájú wọn, èmi tí mi ò gbọdọ̀ wò wọ́n lójú rí, n ó sì máa wo ojú wọn títí wọ́n á fi sùn.