Ilẹ̀kùn Alfa Tí Mo Gbé Lọ sí Rédíò

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìlera kan lẹ́yìn Ẹrúnmu, inú mi sì máa ń tètè bí. Mo kúkú sọ ọ́ fúnra mi kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́ fún yín. Ó tó ọdún kan tí mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀ ní ọ́fíìsì kánsù kí wọ́n tó gbà pé kí dókítà tó ń tọ́jú àárẹ̀ ọpọlọ, àti àwọn tí ọtí tàbí igbó ti dè mọ́lẹ̀, máa wá sọ́dọ̀ wa ní gbogbo Ọjọ́rú. Gbogbo ìlú ń kí mi kú iṣẹ́. Ọjọ́rú dé, kò sẹ́ni tó yọjú. Ta ló fẹ́ kí àna rẹ̀ gbọ́ pé òun jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ti ń dúró de dókítà yẹn? Dókítà jẹ ẹ̀pà títí, ó ka ìwé ìròyìn tán, ó padà s'Íbàdàn.

Kí n má purọ́, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ni mo ṣe sá gbogbo eré yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, káfíńtà ni wọ́n, ògógóró sì ti fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Bí mo bá ní kí wọ́n wá rí dókítà, wọ́n á ní, "Ṣé mo ya wèrè ni?" Èmi náà á ní kí wọ́n kúkú fi ọtí sílẹ̀ nígbà náà, àbí ta ló ń fi ìbọn lé wọn lórí kí wọ́n tó mu ún? Ibẹ̀ ni ìjà á ti bẹ̀rẹ̀. A ti sin ọ̀mùtí méjì ládùúgbò wa, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ẹ̀gbọ́n mi ló kàn.

Ọ̀gá wa wá ní kí n lọ polongo lórí rédíò n'Íbàdàn. Wọ́n fún wa láàyè ní àárọ̀ Sátidé. Mo wọ aṣọ nọ́ọ̀sì mi tó funfun jù lọ, mo lọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Ìgbà tí mo dé Adégbayì ni mo tó rántí pé wọn kì í rí èèyàn lórí rédíò.

Mo ṣàlàyé fún àwọn olùgbọ́ pé àìsàn ni, pé ó ní ìtọ́jú. Ibi tí mo ti ń sọ pé ọtí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ gan-an ni wọ́n dá mi dúró fún ìpolówó ọjà, paraga kan báyìí tó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí àti ẹ̀yìn ríro. Inú bí mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń darí ètò náà rọra ní kí n fara balẹ̀, pé àwọn oníparaga yẹn ló ń ra epo jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé ohùn mi lọ.

Nígbà tí a padà, ó ní kí n fún àwọn èèyàn ní àpẹẹrẹ. Mo ní n kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Mo ní káfíńtà kan wà ní abúlé kan, tó mutí yó, tó sì gbé ilẹ̀kùn alfa kọ́ ní ìdorí kodò, ihò kọ́kọ́rọ́ tó yẹ kó wà níbi àyà wá wà níbi orúnkún, àfi kí alfa kúnlẹ̀ kó tó lè ti ilé rẹ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Orí mi wú. Mo gbàgbé pé ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló dorí kodò ní gbogbo agbègbè wa, tí wọ́n tilẹ̀ fi ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Ohun tó kù kí n ṣe ni kí n ka nọ́ńbà fóònù ẹ̀gbọ́n mi.

Wọ́n ní kí àwọn olùgbọ́ máa pè. Ẹni àkọ́kọ́ kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ó kí ìyàwó rẹ̀, ó kí àwọn tó ń já tòmátì ní Ṣáṣá, kirẹ́díìtì rẹ̀ tán kó tó dé orí ìbéèrè. Ẹnì kejì ní kò sóhun tó ń jẹ́ àìsàn ọpọlọ, iṣẹ́ ayé ni. Mo ti ń la ẹnu láti fún un ní èsì rẹ̀ nígbà tí ìpè kẹta wọlé.

"Ẹ kú ètò o, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa. Ẹ bá mi kí àbúrò mi tó jókòó tì yín. Èmi ni káfíńtà onílẹ̀kùn yẹn."

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wò mí, inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọ tó rí ẹran iléyá.

"N kò bínú," ẹ̀gbọ́n mi ní, "àmọ́ kò sọ ọ́ bó ṣe rí. N kò mutí lọ́jọ́ náà. Ilé alfa ni mò ń lọ, mo ní n kò ní gbé òórùn ọtí wọbẹ̀, láti ọjọ́ tó ṣáájú ni n kò ti fẹnu kàn án. Nígbà tó di ọ̀sán, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, òógùn bò mí, n kò mọ òkè ilẹ̀kùn yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí mo bá mu díẹ̀ ni iṣẹ́ mi ń gún. Àìmọye ìgbà ni mo ti gbìyànjú láti jáwọ́, bó ṣe ń rí nìyẹn. Ẹ bá mi bi í, torí bí mo bá bi í nílé, ìjà ni. Ẹni tó fẹ́ fi í sílẹ̀ tí ara rẹ̀ kò gbà, kí ni kó ṣe?"

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ojú tì mí. Wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ pé ara tí ọtí bá ti mọ́ lára máa ń gbọ̀n bí a bá já ọtí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, pé ó léwu. Mo kọ́ ọ, mo yege, mo wá ń fi ẹ̀gbọ́n mi pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín.

Mo sún mọ́ ẹ̀rọ, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fúnra yín fi ọtí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Oògùn wà tí dókítà máa fi ran ara yín lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Ẹ má bínú sí mi." Ìpè náà ti já. N kò mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́.

Wọn kò gbé fóònù mi ní Sátidé, wọn kò gbé e lọ́jọ́ kejì. Mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn kọjá ní Mọ́ńdè, wọ́n ń fá pákó, wọn kò gbójú sókè. Alfa ní tiwọn ránṣẹ́ sí mi pé àwọn kì í kúnlẹ̀ fún ilẹ̀kùn o, àwọn kàn ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, kí n lọ tún un sọ lórí rédíò.

Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ọjọ́rú, èèyàn márùn-ún ló wà lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀gbọ́n mi wà láàárín wọn. Ìyá kan ń bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá àwọn ni onílẹ̀kùn tó sọ̀rọ̀ lórí rédíò, wọ́n ní àwọn ni. Ìyá náà ní ohùn wọn ló jẹ́ kí òun lè mú ọmọ òun wá.

Mo mú káàdì ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo aláìsàn. "Ẹ káàárọ̀, sà. Kí ló ń ṣe yín?"



"Gbogbo ọdún tí o ti ń bá mi jà lórí ọtí yìí," ẹ̀gbọ́n mi ní, "òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí."