Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Kúrò Nínú Ìlà Mógàjí

Gbàgede náà dákẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo lọ síbẹ̀ kẹ́yìn. Àgùntàn sùn sábẹ́ igi odán, ìyá kan ń sá ẹ̀lùbọ́, kò tún sí ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Ọjà-Ọba, ilẹ̀ lásán ni lójú yín. Èmi kì í gba ibẹ̀ kọjá kí ọkàn mi má bàjẹ́.

Ní kùtùkùtù àwọn ọdún 1990 ni, tí àwọn ológun ṣì ń ṣèjọba, tí wọ́n ní kí a dìbò yan alága ìjọba ìbílẹ̀. Kò sí ìwé ìdìbò, kò sí àpótí. Wọ́n á gbé àwòrán olùdíje sókè, ẹni tó bá fẹ́ ẹ á tò sẹ́yìn rẹ̀ ní gbangba, òṣìṣẹ́ ìdìbò á sì máa kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kò ní sí màgòmágó, torí gbogbo ojú ló máa rí i. Wọn ò sọ pé ojú Mógàjí náà máa wà níbẹ̀. Olórí àdúgbò wa yìí ti gbé àga síta láti àárọ̀, ó jókòó síbi tí yóò ti rí ẹnikẹ́ni tó bá tò sẹ́yìn ẹni tí òun kò fẹ́.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni mí nígbà náà, nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ni a ń tì lẹ́yìn láti di alága. Bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àáfà, wà níwájú ìlà ẹni tí Mógàjí fẹ́, mi ò sì bínú sí i. Ilé kéwú ló ń bójú tó, ìsọmọlórúkọ àti yìgì ló ń fi jẹun, Mógàjí ló sì ń sọ àáfà tí àdúgbò máa pè.

A pọ̀ ní tiwa: òṣìṣẹ́, ọ̀dọ́, àti àwọn ìyàwó ilé. Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin Mógàjí rí bí ìlà wa ṣe ń gùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fa àwọn obìnrin jáde.

“Ṣé ọkọ yín mọ̀ pé ẹ wà níbí?”

Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí já. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ìgbà yẹn ni bàbá mi yọ jáde nínú ìlà tirẹ̀, ó rọra gba àárín gbàgede kọjá, ó wá dúró sẹ́yìn mi.

Mógàjí pè é. “Àáfà, ẹ ti ṣi ìlà o.”

“Mi ò ṣi ìlà, Mógàjí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìṣojú wa ni wọ́n ti ń fa ìyàwó oníyàwó kiri.”

“Ẹ rò ó dáadáa.”

“Mo ti rò ó. Wàlláhì, ibi tí mo máa dúró sí rèé.”

Ọwọ́ bàbá mi ni àwọn ọmọkùnrin yẹn ti kọ́ Àlùkùránì. Ta ló máa fọwọ́ kan ìlà tí àáfà rẹ̀ wà? Wọ́n wolẹ̀, wọ́n sún sẹ́yìn. Àwọn obìnrin padà, àwọn mìíràn sì tún wá kún wọn.

Nígbà tí wọ́n kà wá tán, a jù wọ́n lọ fíìfíì. Òṣìṣẹ́ ìdìbò kéde rẹ̀, Mógàjí gbọ́, a jó. Nírọ̀lẹ́, rédíò ní ẹni tiwọn ló wọlé. A sáré lọ sí ọ́fíìsì ìdìbò, ọ̀gá ibẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀rí dà? Ẹ pe ìlà yín padà wá, ká tún un kà.”

Ìlà tí èèyàn fẹsẹ̀ tò, tí wọ́n bá ti túká, kí ló kù? Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó lù wá, kò sẹ́ni tó bú wa. Wọn ò ṣáà pe bàbá mi mọ́. Wọ́n bímọ nílé kejì sí tiwa; láàárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, Bàbá wẹ̀, ó wé láwàní, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Inú ilé wa la ti ń gbọ́ àmín wọn. Àáfà àdúgbò mìíràn ni wọ́n gbé wá. Àwọn ọmọ kéwú náà ń dín kù, títí mo fi ká ẹní tí wọ́n ń jókòó lé.

“Bàbá, ẹ lọ bẹ Mógàjí.”

“Kí n ní kí ni, Rábì? Pé mi ò dúró síbi tí mo dúró sí?”

Kò pẹ́ tó fi dùbúlẹ̀ àìsàn, tó sì pa ipò dà. A ránṣẹ́ sí gbogbo ilé. Mo ń wo ìrun jánásà rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, níbi tí àwa obìnrin dúró sí. Àwọn tó tò sẹ́yìn lèmámù kò kún ìlà méjì. Àwọn obìnrin tó gbà sílẹ̀ kò lè rán ọkọ wọn wá. Nọ́ọ̀sì wa ti gba ipò lọ́dọ̀ àwọn ológun, kò ráyè. Mo sunkún ọjọ́ náà bí ọmọdé. Nígbà tó yá tí wọ́n fagi lé ìbò gbogbo orílẹ̀-èdè, tí gbogbo ìlú ń ké, èmi ti sun ẹkún tèmi tán.

Ẹ máa ń bi mí pé kí la rí gbà níbẹ̀. Àwọn obìnrin yẹn mọ̀ lọ́jọ́ náà pé àwọn lè dúró síbi tó wu àwọn, ẹnì kankan ò sì lè gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn. Ohun tó kù, gbèsè ni. Mi ò béèrè owó, mi ò béèrè ipò. Kí ẹnì kan nínú wọn ṣáà dúró ní gbàgede yẹn lọ́sàn-án gangan, kí ó sọ ọ́ sókè pé àwa la wọlé. Bàbá mi kò lè gbọ́ ọ mọ́, ṣùgbọ́n èmi ṣì wà láyé.